Ṣé Ọ̀rẹ́ Ọlọ́run Ni Mí, Àbí Òṣìṣẹ́ Rẹ̀ Lásán?

Lẹ́tà tó wọlé: "Ẹ̀yin màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà nítòsí Tákíè. Mo lọ́kọ, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta mí lọ́rẹ. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í pa ìpàdé àdúrà jẹ, mo sì máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀ oṣù bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ọgbẹ́ inú. Síbẹ̀, bí mo bá kúnlẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé ọ̀gá ni mò ń jíṣẹ́ fún. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ohun tó fẹ́ ṣe tí kò ní sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lé e lórí láàárọ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan rí. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mi, pé òun náà ni kò jẹ́ kí àdúrà wa gbà nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn. Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá, mo ti gba kámú. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé èmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin kì í kí ara wa mọ́ láti ìgbà ìsìnkú náà. Ó gba aṣọ ẹbí yáàdì márùn-ún, kò sanwó. Nígbà tí mo béèrè, ó ní mo fẹ́ fi òkú ìyá mi ṣòwò. Ṣé kí n lọ sórí òkè fún ọjọ́ méje? Báwo ni ènìyàn ṣe ń di ọ̀rẹ́ Ọlọ́run? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

Ọmọ mi, o kú ara-fẹ́ra-kù ìyá rẹ. Ọlọ́run yóò tu ìwọ àti gbogbo ẹbí nínú.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Nínú lẹ́tà rẹ, òdìkejì ni mo rí. O ṣàlàyé ààwẹ̀, o ṣàlàyé ìpàdé àdúrà, o ṣàlàyé iṣẹ́ akọrin. Ikú ìyá rẹ kò gbà ju ìlà kan lọ, o sì fi "mo ti gba kámú" dé e lórí. Ṣé o ti sọ fún Ọlọ́run pé ó dùn ọ́? N kò sọ ti "Olúwa, a dúpẹ́ nínú ohun gbogbo" tí a máa ń gbà lójú èrò o. Mò ń béèrè bóyá o ti ilẹ̀kùn mọ́rí rí, kí o ní, "Baba, mo bẹ̀ Ọ́, ìyá mi sì kú. Inú mi bàjẹ́ sí Ọ." Bí o kò bá tíì ṣe é, ibẹ̀ ni mo rò pé okùn ti já. Ọ̀gá la máa ń rẹ́rìn-ín fún nígbà tí inú bá ń bí wa. Ọ̀rẹ́ ló ń gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹni.

Kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù kan kúrò lórí rẹ. Arábìnrin yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí àdúrà gbà, ìwọ náà wá ń fura sí ìjà aṣọ ẹbí. Tún lẹ́tà rẹ kà: ìgbà ìsìnkú ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gé aṣọ. Báwo ni ìjà tí kò tíì ṣẹlẹ̀ yóò ṣe dí àdúrà lọ́wọ́? Má sì gbàgbé Lásárù. Jésù fúnra Rẹ̀ pè é ní "ọ̀rẹ́ wa" nínú Jòhánù 11:11, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ náà ṣàìsàn, wọ́n ránṣẹ́ sí Jésù, Ó tún dúró fún ọjọ́ méjì sí i níbi tó wà, Lásárù sì kú. Màtá lọ pàdé Rẹ̀ lọ́nà, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọ̀rọ̀: bí Ìwọ bá ti wà níhìn-ín, arákùnrin mi kì bá tí kú. Nígbà tí Màríà dé, ohun kan náà ló sọ. Jésù kò bá èyíkéyìí nínú wọn wí. Ó sunkún.

Ẹni tí Ìwé Mímọ́ pè ní ọ̀rẹ́ Ọlọ́run níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ábúráhámù: Kíróníkà Kejì 20:7, Àìsáyà 41:8 àti Jákọ́bù 2:23. Bí o bá fẹ́ mọ bí ọ̀rẹ́ yìí ṣe rí, ka Jẹ́nẹ́sísì orí 12 sí 22 ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan, má kánjú. Nínú orí 15 ó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run tààrà pé kí ni ẹ̀bùn tí Ó fẹ́ fún òun ń ṣe nígbà tí òun kò lọ́mọ. Nínú orí 18 ó dúró níwájú Ọlọ́run, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún Sódómù: láti orí olódodo 50, ó sọ̀ ọ́ sí 45, ó di 40, ó di 30, ó di 20, títí ó fi kan 10. Ní àárín ẹ̀bẹ̀ yìí kan náà ló ti ní erùpẹ̀ àti eérú ni òun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run kò pa á lẹ́nu mọ́, ẹnu tó là kò sì sọ ọ́ di aláfojúdi. Ohun tí mo ń fẹ́ fún ọ gan-an nìyẹn. Nígbà tí Ọlọ́run bá sì rán an níṣẹ́, ó ń lọ. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó fi Háránì sílẹ̀. Jésù náà kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú Jòhánù 15: ẹsẹ 15 ní Òun kò pè wá ní ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ ni, àmọ́ ẹsẹ 14 ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rẹ́ Òun ni wá bí a bá ń ṣe ohun tí Òun pa láṣẹ.

Ní ti ẹni tó ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run láràárọ̀, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ẹni ọdún 86 ni Ábúráhámù nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì, ìyẹn ni ìparí orí 16. Ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú orí 17 bá a ní ẹni ọdún 99. Ọdún 13 gbáko nìyẹn, Bíbélì kò sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run bá a sọ láàárín wọn. Ọ̀rẹ́ Ọlọ́run ṣì ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohùn tí ò ń wá ti wà nínú ohun tí o kà: ẹsẹ kan tí kò kúrò lọ́kàn rẹ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ kan tó ń gún ọ nígbà tí o fẹ́ parọ́. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run rán òun sí ọ, fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé Ìwé Mímọ́, bi àgbà ìjọ kan tí kì í sọ ohun tí ẹni kan ń fẹ́ gbọ́, kí o sì fún un láyè kí ọjọ́ lọ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ń lé ọ pé àfi kí o ṣe é lónìí, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Wá ìwé ìkọ̀wé olówó pọ́ọ́kú kan, kí o sì ṣí Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, Dáfídì bi Ọlọ́run nígbà mẹ́rin pé yóò ti pẹ́ tó. Nínú ẹsẹ 3 àti 4, ó sọ ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní ẹsẹ 5, ló tó wá sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Rẹ̀. Kọ tìrẹ bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà nínú rẹ, ní Yorùbá tí o fi ń bá ẹni tó sún mọ́ ọ sọ̀rọ̀: àdúrà wo ni a gbà, òru wo ni a fi ṣàìsùn ní ọsibítù, kí ló dé tí kò rí bí a ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà kọ ohun tí o ń fẹ́ báyìí, kì í ṣe ohun tó yẹ kí onígbàgbọ́ fẹ́. Kà á sókè fún Ọlọ́run. Ìṣẹ́jú 30 ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí omijé bá dé, jẹ́ kó wá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba irú àdúrà yìí jẹ́. Èkíní ni pé ènìyàn á sáré fò dé ẹsẹ 5. Kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún tán tó fi ń sọ pé "Olúwa, O ṣeun", nígbà tó sì dìde, ọkàn ṣì wúwo. Bí ẹsẹ 5 kò bá tíì wá, má fipá fà á. Sáàmù 88 kò ní irú rẹ̀ rárá, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì, ó sì ṣì ń pe Ọlọ́run ní Ọlọ́run ìgbàlà mi. Èkejì ni kí ènìyàn gbé ẹjọ́ náà kúrò níwájú Ọlọ́run lọ síbòmíràn. Sáàmù 106:25 ní inú àgọ́ wọn ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń kùn ní aginjù. Ohun tí Dáfídì sọ fún Ọlọ́run lójúkojú, ẹ̀yìn Rẹ̀ làwọn yẹn ti ń sọ ọ́. Má sọ ẹjọ́ rẹ di ọ̀rọ̀ ìdí igbá títí Ọlọ́run yóò fi gbẹ̀yìn gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ lójúmọ́. Má sọ pé wákàtí kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan sábà máa ń pa á tì kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí ọmọ ń lọ sílé ìwé, omi wà láti pọn, ọjà sì ń dúró. Yan ìgbà tí ilé máa ń pa rọ́rọ́, bóyá kí àwọn ọmọ tó jí. Gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Bí Bíbélì bá jẹ́ inú fóònù nìkan, wá oníwèé, nítorí WhatsApp kò ní jẹ́ kí o parí ẹsẹ márùn-ún. Bẹ̀rẹ̀ láti Ìhìnrere Máàkù, orí 16 ló ní. Ìtàn kan péré lójúmọ́, kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì bi ara rẹ pé: kí ni Jésù ṣe níbí, kí ni Ó fẹ́ kí n ṣe lónìí? Kọ ìlà kan. Dákẹ́ díẹ̀, kí o tó bá A sọ ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: owó ilé ìwé, oníbàárà tó jẹ gbèsè, ọkọ tí ojú rẹ̀ kò túká. Bí o bá fo ọjọ́ méjì, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o dé. Má san gbèsè ọjọ́ tó kọjá.

Ó yẹ kí ìbádọ́rẹ̀ẹ́ náà dé ìdí gàrí rẹ pẹ̀lú. Nehemáyà 2 sọ pé ọba béèrè ohun tí Nehemáyà ń fẹ́, Nehemáyà gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ó sì dá ọba lóhùn. Àdúrà tó wọ àárín ìbéèrè àti ìdáhùn kò lè gùn. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí oníbàárà bá ń fìbínú ná ọjà. Kọ́ńgò rẹ ńkọ́? Ìwọ lo mọ̀ bóyá wọ́n ti tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú. Òwe 11:1 sọ ojú tí Ọlọ́run fi ń wo òṣùwọ̀n èké. Ẹni tó ń fi ogún ìṣẹ́jú bá A sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tó wá ń fi kọ́ńgò títẹ̀ wọn gàrí títí di alẹ́, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà yóò fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nílùú tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń wàásù láti ọdún 1855, tí wọ́n sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1898, ó rọrùn láti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dunjú kí ènìyàn má sì mọ Ẹni tó ni ín.

Ó wá ku àbúrò ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí bí mo ṣe kà á. Kò yẹ kí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́ irú rẹ̀. Síbẹ̀ Mátíù 5:23-24 kò dúró béèrè ẹni tó jẹ̀bi: fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, lọ parí ìjà. Kí o tó lọ, sọ fún ọkọ rẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Pinnu lórí owó aṣọ náà nílé: bí o bá fẹ́ fi jì í, fi jì í pátápátá, má sọ ọ́ di ohun tí ìwọ yóò máa rántí níwájú rẹ̀. Bí o kò bá lágbára láti fi í sílẹ̀, ẹ ó sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ mìíràn. Ìwọ nìkan ni kí o lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò sí òde. Má fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, má sì ṣe é lẹ́yìn ìsìn níbi tí gbogbo ojú ti ń wò yín. O lè sọ pé: "Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nígbà ìsìnkú màmá mi dùn mí gan-an, mo sì ti ń bínú sí yín láti ìgbà náà. N kò fẹ́ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí èmi náà bá ti sọ ohun tó dùn yín, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kí ó sọ tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó yarí. Róòmù 12:18 ní kí a máa gbé ní àlàáfíà bó bá ti wà ní ipá wa. Ipá tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ. Máa kí i bí ẹ bá pàdé. Bó bá di oṣù kan tí kò yí padà, mú àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Orí òkè ọjọ́ méje, rárá, kì í ṣe báyìí. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ máa fi inú òfìfo jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, ká má tíì wá sọ méje. Lọ rí dókítà nípa inú náà kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé, máa jẹun, má sì pa oògùn tì nítorí ààwẹ̀. Bí o bá ṣì fẹ́ gbààwẹ̀, Dáníẹ́lì 10:3 ní ó fi oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní òun kò fẹnu kan oúnjẹ rárá. Ìwọ lè fi ẹran àti mínírà sílẹ̀. Bí o bá sì rí i pé oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tí ọjà sì ti sú ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, sọ ìyẹn náà fún dókítà, kí o sì sọ fún pásítọ̀ rẹ pé ọ̀fọ̀ ìyá rẹ kò tíì kúrò lára rẹ.