Ṣé mo lè tú iná iwájú mọ́tò mi fúnra mi, kí n kùn ún, kí n sì lẹ̀ ẹ́ padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Lugbe ní Abuja ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, Corolla 2010 tókúńbọ̀ ni mo sì ń wà. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n, ìmọ́lẹ̀ wọn ò dé ibi kankan mọ́ lálẹ́. Mo fẹ́ tú wọn, kí n kun inú wọn ní dúdú bíi tàwọn mọ́tò tí mo ń rí ní Wuse, kí n sì lẹ̀ wọ́n padà. Wọ́n ní inú ààrò ni wọ́n ń gbé e sí kó tó ṣeé ṣí, ẹ̀gbọ́n mi sì ní èyí tó fi ń yan kéèkì tà. Ṣé kí n dán an wò?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀rọ̀ méjì lo pa pọ̀. Pípọ́n tí iná rẹ pọ́n, òde ló wà, kò sí nínú. Ike ni ojú iná mọ́tò òde òní, kì í ṣe dígí. Polycarbonate ni wọ́n ń pè é. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ọ̀dà aláìláwọ̀ bò ó kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá ti jẹ ọ̀dà yẹn tán, ike fúnra rẹ̀ ló kàn. Tí o bá tú u, tí o kun inú rẹ̀ dúdú, tí o sì lẹ̀ ẹ́ padà, pípọ́n náà ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, òde ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. Fi sẹ́lótépù bo ara mọ́tò yí iná náà ká, fi omi àti sáńdípépà 800 fá a títí omi tó ń ṣàn níbẹ̀ kò fi ní pọ́n mọ́, kí o bọ́ sórí 1500, lẹ́yìn náà 2000, kí o wá fi póláṣì dán an. Má dúró síbẹ̀ o. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń gba oòrùn dúró ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ ó ti padà. (Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ọjọ́ mélòó kan ni ayọ̀ wọn.) Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wá bá mi ní Apo pé kí n tú iná, ibí ni mo ti ń dá wọn padà sílé.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé dúdú yẹn ṣì wà lọ́kàn rẹ. Ó dáa. Kí o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, mọ irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Wo ibi tí ojú iná àti ìdí rẹ̀ ti pàdé, kí o fi ẹnu sukurudiráfà tẹ gọ́ọ̀mù ibẹ̀. Bó bá rì, tó sì ń fà bí ilá, butyl nìyẹn, ooru á mú un rọ̀. Bó bá le bíi táyà, fi í sílẹ̀. Irú yẹn, tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Jámánì, kì í gbọ́ ti ooru. Gígé ni wọ́n ń gé e, ojú iná sì máa ń bá a lọ.

Ní ti ààrò ẹ̀gbọ́n rẹ: rárá. 100°C péré la ń wá, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ààrò onígáàsì sì ń jó láti ìsàlẹ̀, ó lè tẹ ìdí iná kó tó gbóná délẹ̀ lókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló fẹ́ jẹ kéèkì tó ń rùn bíi rọ́bà? Wá páálí ńlá, gbé iná náà sórí pákó nínú rẹ̀, gé ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún dráyà tí àwọn onídìrí ń lò, má sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ara iná tààrà. Ó pẹ́ ju ti ààrò lọ. Má kúrò nídìí ẹ̀. Kó tó wọ páálí, gbogbo gílóòbù, rọ́bà ẹ̀yìn àti nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti jáde. Nọ́ọ̀tì kan tí o bá gbàgbé lè la ike yẹn sí méjì. Wọ ìbọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, fà á díẹ̀díẹ̀; bó bá kọ̀, dá a padà sínú ooru, má bá a jà.

Férémù, ìyẹn ike tó yí àwo dídán inú iná ká, òun nìkan ni kí o kùn. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, tó ń ti ìmọ́lẹ̀ síwájú, má kùn ún, má tilẹ̀ nù ún: dídán orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé aṣọ lè bó o kúrò. Bí gbogbo inú iná rẹ bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo, iṣẹ́ dúdú ti parí nìyẹn, dé e padà. Bí férémù bá wà lọ́tọ̀, fi sáńdípépà 600 ha á, fi spirit nù ún, fọ́n ọ̀dà tó ń mú ike sí i ṣáájú, kí o wá fọ́n dúdú ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀dà tí kò gbẹ dénú, èéfín rẹ̀ ni yóò bo ojú iná rẹ nígbà tí gílóòbù bá gbóná. Tínà àti pẹtiróòlù ò gbọ́dọ̀ kan ojú iná. Á là wẹ́wẹ́.

Lílẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, sílíkóònù tó ń rùn kíkan bíi fínígà ni mo fi lẹ iná Camry kan. Ó lẹ́wà, oníbàárà sanwó. Kò pé oṣù méjì, àwo inú rẹ̀ ti funfun bí ẹni da eérú sí i. Èéfín kíkan yẹn ló jẹ ẹ́. Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn. Ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ra okùn butyl tuntun, tò ó yí kòtò rẹ̀ ká láìdá àlàfo, kí orí àti ìdí rẹ̀ gun ara wọn. Tún mú un gbóná, tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí o dá àwọn nọ́ọ̀tì padà kó tó tutù.

Iná mọ́tò ń mí, àbúrò. Bó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jáde. Bó bá tutù, ó ń fà á wọlé. Ihò kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀ fún èyí, má dí i. Àmọ́ bí gọ́ọ̀mù rẹ bá ṣí níbì kan, ibẹ̀ ni yóò ti máa fa omi lọ́jọ́ òjò. Ọyẹ́ dáa fún lílẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ, kò sí ìrì tí o máa sé mọ́nú. Fún kíkùn, eruku rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ọ̀dà jọ̀lọ̀, àfi kí o kùn ún nínú yàrá tí o ti wọ́n omi sílẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ ṣáájú. Kí o tó tú iná rárá, gbé mọ́tò síwájú ògiri lálẹ́, bíi mítà méje, kí o fi sẹ́lótépù sàmì síbi tí ìmọ́lẹ̀ gé dé. Tí o bá dá iná padà, ibẹ̀ náà ni kó bọ́ sí. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, nọ́ọ̀tì kan wà lẹ́yìn iná tó ń gbé e sókè sódò. Yí i díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sẹ́yìn.