Àbúrò tó rí kòkòrò onílà funfun l'Ọ́fà, má tíì sọ ọ́ lórúkọ

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ, pé inú àga ọparun bàbá yín l'Ọ́fà lo ti rí kòkòrò kékeré yẹn, dúdú, ìlà funfun kan dábùú ẹ̀yìn ẹ̀, tó ń wọ ihò lọ pa àwọn tó ń lu ọparun jẹ, o wá ní méjì péré lo mú àmọ́ ó dá ẹ lójú pé ẹ̀yà tuntun ni, báwo lo ṣe máa kéde ẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé o tiẹ̀ wò ó, torí ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ àga nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí, wọn kì í rí ẹni tó ń pa olè inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, dúró ná. Mo ti gba ọ̀nà yẹn, ọdún mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi.

Tèmi, ibi tí wọ́n ti ń la pákó n'Ílọrin ni mo ti rí i. Mẹ́rin ni mo mú, ìlà funfun wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ara wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọn ò dú bíi ti inú ìwé. Mo mọ̀ pé Tarsostenus univittatus ni, èyí tí Rossi, onímọ̀ kòkòrò ará Ítálì, ti sọ lórúkọ láti 1792, tó ti bá igi àti ọparun inú ọkọ̀ kárí ayé, ni mo bá ní ẹ̀yà Kwara nìyí, mo fi orúkọ kẹta lé méjì tó ní tẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń kéde ohun tí wọ́n bá rí. Ìbéèrè méjì ni wọ́n fi dá a padà: ibo mìíràn lo ti rí i, ṣé o sì ti yọ nǹkan ọmọkùnrin àwọn akọ wọn wò?

Mi ò rí èsì kankan fún wọn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Ìgbàjà, Ṣàárẹ́, Òmù-Àrán, ọyẹ́ méjì gbáko, ibi tí wọ́n bá ti kó ọparun gbígbẹ jọ ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Mo gé ọparun náà sínú rọ́bà pénǹtì, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èyí pupa jáde, àní ó pọ́n gan-an bíi tèmi ti Ìlọrin, mo fò sókè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó ti dú kirikiri. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àwọn tí mo fún lórúkọ yẹn, ṣe ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú igi, ara wọn ò tíì gbó. Mo jókòó ti rọ́bà yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Títóbi náà má jẹ́ kó tàn ẹ́ o. Èyí tó rí ìdin jẹ dáadáa ní kékeré á tóbi, èyí tí ebi pa á kéré, inú igi kan náà ni wọ́n ti máa jáde. Ohun tí wọ́n ń pè ní subspecies, irú ẹ̀yà tí mo fi orúkọ kẹta lé yẹn, ni pé agbègbè kan ní tiẹ̀, agbègbè kejì ní tiẹ̀, tó o bá kó ogún láti ibí àti ogún láti ọ̀hún, o máa lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí oríṣi méjì bá wà nínú ọparun kan ṣoṣo, ìyẹn kì í ṣe subspecies, bí ọmọ ìyá ṣe máa ń yàtọ̀ síra wọn ni.

Lébẹ̀lì ló tún dùn mí jù. Báírò ni mo fi kọ ọ́ sínú sípíríìtì, ó ṣàn dànù, mi ò mọ ti Ṣàárẹ́ yàtọ̀ sí ti Ìgbàjà mọ́, mọ́kànlá ni mo pàdánù bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsù ni kó o lò, kọ abúlé, ọjọ́, irú igi, ní ojú ẹsẹ̀ tó o bá mú un.

Òfin orúkọ náà ò le púpọ̀ tí ẹ̀rí bá ti wà. Láti 2000 ni wọ́n ti ní o gbọ́dọ̀ sọ ní kedere èyí tí orúkọ náà dúró lé, bóyá ẹyọ kan ṣoṣo, holotype, tàbí ọ̀pọ̀, syntypes, kó o sì sọ ilé tó máa wà, bíi Natural History Museum tó wà ní OAU n'Ífẹ̀, láti 2012 sì ni, tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n máa gbé e sí, ó ti gbọ́dọ̀ wà nínú ZooBank, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Latreille, onímọ̀ kòkòrò ará Faransé tó dá orúkọ ìdílé wọn, Cleridae, sílẹ̀ ní 1802, ọ̀kan nínú ìdílé yìí, Necrobia ruficollis, tó rí nínú ẹ̀wọ̀n ní Bordeaux, ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Ẹ̀gbọ́n wọn ẹlẹ́sẹ̀ pupa ló máa ń wà nínú ẹja gbígbẹ lọ́jà wa. Mi ò lè ka ìtàn Latreille yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Nísìn-ín, bẹ bàbá yín kí wọ́n má fín ògùn sí àga náà. Gé ọparun tó ti ń dà ìyẹ̀fun, fi sínú rọ́bà, máa wò ó láràárọ̀. Tí èyí pupa bá jáde, ka ọjọ́ mẹ́rin kó o tó pè mí.