Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Mi Ò Mọ̀wẹ̀, Ọmọ Mi Fẹ́ Gbé Mi Lọ Sójú Òkun ní Gíríìsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn ló ń lọ síbì kan náà, erékùsù Rhodes ní ilẹ̀ Gíríìsì, mo wá kó wọn pọ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ti débẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún kan, a wọ ọkọ̀ ojú omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester ló ní kí n wá bá òun àti ọkọ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ká jọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Rhodes. Ó ti sanwó ọkọ̀ ojú omi kan tó máa gbé wa káàkiri láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa dúró láàárín omi kí àwọn èèyàn bẹ́ sínú ẹ̀ kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 58 ni mí, mi ò mọ̀wẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ Ògùnpa la ń gbé nígbà tí odò yẹn ya lọ́dún 1980, láti ọjọ́ náà omi tó bá ti kọjá orúnkún mi, àyà mi á máa já. Ọkọ ọmọ mi ní kí n má bẹ̀rù, pé láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà. Ṣé kí n bá wọn lọ ni àbí kí n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì? Ìyá Ìbejì, Bódìjà.*

Ìyá Ìbejì, ẹ lọ. Ẹ má jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ẹ má lọ bí ẹ ṣe wà yìí, àtòní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ gbàgbé Omíyalé, ta ló lè gbàgbé ẹ̀ n'Íbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà yẹn mọ ibi tóun wà nígbà tí omi dé. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn kì í ṣe ìwà ọmọdé, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ torí ẹ̀. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé omi méjèèjì ò jọra. Ògùnpa ń sáré, ó pọ́n, ó ń gbé ògiri àti mọ́tò lọ, kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú ẹ̀. Ibi tí àwọn ọkọ̀ yẹn máa ń dúró sí ní Rhodes, ibi tí òkun ti wọnú àpáta bí ẹni wọ àgbàlá ni, àpáta yí i ká, afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, omi á kàn máa mì díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ tí Ògùnpa ò ní ni ẹ̀tàn. Ọ̀kan lára ibi tí ọkọ̀ tiwa dúró sí ni Anthony Quinn Bay, orúkọ òṣèré sinimá kan ni wọ́n fi pe ibẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn irin tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ló wà nínú omi, mò ń wo èékánná ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń wò ó nínú gíláàsì, mo rí òkúta nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹja kéékèèké ń kọjá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo ní háà, ibí yìí ò jìn, mo lè dúró. Mo bi ọmọkùnrin tó ń di okùn ọkọ̀ mú, ó ní mítà mẹ́fà ni. Mítà mẹ́fà! Ìyẹn ga tó pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Àbúrò mi ti fẹ́ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó lọ dúró ní tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tójú yín bá rí ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ béèrè.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lóòótọ́, ọkọ ọmọ yín ò purọ́. Kí wọ́n fún yín wọ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ọkọ̀, kí wọ́n de gbogbo okùn ẹ̀, kí ẹnì kan wá di èjìká ẹ̀ mú kó fà á sókè. Tó bá gùn wá sí etí yín, ó tóbi jù, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kí ọkọ ọmọ yín sì wà nínú omi pẹ̀lú yín, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè kàn yín, kì í ṣe kó máa wò yín látorí ọkọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ kì í pariwo bíi ti inú sinimá, ẹnu ẹ̀ á wọ omi á tún jáde, kò ní ráyè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti parí. Bó ṣe rí fún yín náà ló rí fún àwọn ọmọ-ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ fún ìyá wọn kí ọkọ̀ tó gbéra.

Wàyí o, ìmúra. Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ní púùlù wà káàkiri Ìbàdàn, wọ́n sì máa ń mọ olùkọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ obìnrin ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ kí èrò má pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí kí ẹ máa ju apá ju ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ dúró níbi tí omi mu yín dé àyà, kí ẹ fẹ́ èémí sínú omi látẹnu, kí ẹ gbójú sókè, kí ẹ tún un ṣe títí ara á fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni líléfòó lórí ẹ̀yìn, etí méjèèjì nínú omi, ikùn sókè, ojú ń wo sánmà, ẹ kàn ń mí. Èmi fúnra mi ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gbà kí etí mi wọ omi, ọjọ́ tí mo sì kọ́kọ́ léfòó tí olùkọ́ mi yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò lábẹ́ mi, omijé bọ́ lójú mi. Inú yín á dùn tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé omi òkun ti ibẹ̀ níyọ̀ gan-an, iyọ̀ yẹn máa ń gbé èèyàn sókè ju omi púùlù lọ, ẹni tó bá ti léfòó n'Íbàdàn máa léfòó ní Rhodes.

Tẹ́ ẹ bá dé'bẹ̀, tí àyà yín ṣì ń já, ẹ má bẹ́ láti orí ọkọ̀ rárá. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá dé Lindos, ìlú kékeré kan létí òkun ní Rhodes, yanrìn ló wà létí òkun ibẹ̀, omi ò jìn lẹ́bàá etí, ẹ máa fẹsẹ̀ yín rìn wọlé títí dé ibi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Nítòsí ibẹ̀ náà ni St Paul's Bay. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21 ẹsẹ kìíní, ẹ máa rí Ródù níbẹ̀, erékùsù yìí náà ni. Àwọn ará Lindos ló gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ sí, Bíbélì ò sọ ibi tó jẹ́, ó kàn ní wọ́n dé Ródù ni. Àbúrò mi ka ẹsẹ yẹn sókè nígbà tómi mu wá dé ìbàdí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé.

Ohun kan ṣoṣo tó lè bà á jẹ́ fún yín ni ìwé. Físà UK ò lè mú yín wọ Gíríìsì, físà Schengen, ìyẹn físà kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lẹ máa gbà lọ́tọ̀, ibi téèyàn ń gbé ló sì yẹ kó ti gbà á, torí náà ẹ gbà á ní Nàìjíríà níbí kí ẹ tó lọ sí Manchester, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé'bẹ̀.

*Àǹtí, oṣù mẹ́jọ la ti ṣègbéyàwó, owó la ń tọ́jú bọ̀ kí èmi àti ìyàwó mi lè lọ ṣe họ́nímúùnù ní Rhodes. Ọjọ́ kan ṣoṣo la lè fi rìn káàkiri. Ṣé ọkọ̀ ojú omi ló dáa ni àbí bọ́ọ̀sì? Wọ́n tún ní ọkọ̀ kan wà tó ń gbé èèyàn lọ sí Tọ́kì láàárọ̀ tó ń gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn wù wá gan-an. Dọ̀tun, Akọ́bọ̀.*

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin méjèèjì. Ti Tọ́kì ni kí n kọ́kọ́ mú. Òótọ́ ni pé Marmaris, ìlú kan létí òkun ní Tọ́kì, ò jìnnà sí Rhodes, àmọ́ Tọ́kì kì í ṣe Schengen. Tí físà yín bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹsẹ̀ yín tó bá ti jáde kúrò ní Gíríìsì, ó ti tán nìyẹn, ẹ ò lè padà wọlé lọ kó ẹrù yín ní hòtẹ́ẹ̀lì. Tọ́kì pàápàá á tún béèrè físà tiẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ erékùsù mìíràn lọkàn yín ń fẹ́, ẹ lọ sí Symi, Gíríìsì ni, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní físà.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ọkọ̀ ojú omi ni màá mú. Ìdí ni pé òkè Lindos, láti ojú omi ló ti dáa jù ú wò. Ẹ rántí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, mítà 105 ni. Àpáta Lindos ga tó mítà 116, ilé funfun kéékèèké kún ìdí ẹ̀, ògiri odi wà lórí ẹ̀ lókè, nínú odi yẹn ni òpó tẹ́ńpìlì Athena, òòṣà obìnrin àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, wà. Bí ọkọ̀ bá ṣe yí ẹ̀gbẹ́ àpáta báyìí, tó kàn yọ síta lójijì, gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tiwa ló dákẹ́. Àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, wákàtí mélòó ni wọ́n á fún yín ní Lindos? Àwọn ọkọ̀ kan ò ní fún yín ju wákàtí kan lọ, kò sì tó láti gun òkè kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ gígun òkè ló jẹ yín lógún ju ìlúwẹ̀ẹ́ lọ, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 50 ni láti ìlú Rhodes. Ẹ fẹsẹ̀ rìn gòkè o. Wọ́n máa fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ̀ yín, lọ́dún 2018 ìjọba ibẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 100 lọ tàbí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀, ẹ wo bí oòrùn ṣe ń pa ẹran náà kí ẹ tó gùn ún.

Èbúté Mandraki ní ìlú Rhodes lọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń gbéra. Gáìdì á sọ fún yín pé ère ńlá àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kọ̀lọ́sọ̀ọ̀sì ya ẹsẹ̀ méjèèjì síbẹ̀ tí ọkọ̀ ń gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí ìyẹn. Èyí tó dájú ni pé wọ́n ṣe ère idẹ tó ga tó nǹkan bíi mítà 33 sí ìlú yẹn ní bíi ọdún 280 kí wọ́n tó bí Jésù, kò sì tó ọgọ́ta ọdún tí ìsẹ̀lẹ̀ fi wó o.

Ẹ má lọ lóṣù Keje tàbí Kẹjọ tẹ́ ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́. Ooru ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní meltemi á máa fẹ́ láti àríwá, ó máa ń ru òkun sókè. Lóṣù Keje 2023 iná ìgbẹ́ jó níbẹ̀ tí wọ́n fi kó nǹkan bíi 19,000 èèyàn kúrò nílé àti hòtẹ́ẹ̀lì. Oṣù Kẹsàn-án ló dáa, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, sínú fóònù yín. Ẹ ra bàtà rọ́bà fún inú omi, torí nǹkan kan wà lára àpáta ibẹ̀ tó rí róbótó tó dúdú, ẹ̀gún bò ó bí òòrẹ̀ kékeré, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ní rìn dáadáa fọ́jọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́.

Owó físà Schengen jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà 2024, ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó bo ó kéré tán yúrò 30,000 náà pọn dandan.

*Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aṣọ tó bo gbogbo ara mi? Ìrun ńkọ́? Alhaja, Ọ̀jọ́ọ̀.*

Alhaja, kò sí òfin kankan ní Gíríìsì tó ní kí ẹ má wọ̀ ọ́ létí òkun, mo rí àwọn obìnrin tó wọ̀ ọ́ lójú mi. Ní ti ìrun, ẹ sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ ibi tí ẹ máa tẹ́ ẹní sí, ọkọ̀ tiwa fi iwájú sílẹ̀ fún ìyá kan. Ẹ kíyè sí i pé Mẹ́kà ò sí lápá ìlà-oòrùn níbẹ̀ bó ṣe wà n'Íbàdàn, láàárín ìlà-oòrùn àti gúúsù ni, ẹ jẹ́ kí fóònù yín júwe ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà dé ìlú lálẹ́, ẹ wọ inú odi àtijọ́, ẹ máa rí mọ́sálásí Súlúmánù tí àwọ̀ ẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, orúkọ ọba Tọ́kì tó gba ìlú náà lọ́dún 1522 ló ń jẹ́.

Aṣọ yẹn ṣá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú òkun lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Aṣọ tó bá fẹ̀ máa ń mu omi, á wúwo, á máa lọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ sínú púùlù n'Íbàdàn níbí, ẹ rìn nínú omi, ẹ léfòó nínú ẹ̀, tó bá ń fà yín sísàlẹ̀, ẹ wá èyí tó mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó di ẹrù.