Kóòtù pè mí wá jẹ́rìí lórí ẹjọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo lè sá?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum Àáfà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé n'Ìbàdàn, asalaatu kan náà la sì jọ ń ṣe. Òun àti ọkọ ẹ̀ ti kọ ara wọn, wọ́n wá ń du ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, ní kóòtù. Àná ni bélífù mú ìwé ìpè wá fún mi, lọ́yà ọkọ ló ní kí n wá jẹ́rìí. Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ mi máa ń dá ọmọ yẹn nìkan fi sílé lálẹ́, èmi ni mo máa ń fún un lóúnjẹ nígbà míì. Ó ti wá ń sunkún sí mi lọ́rùn pé kí n sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣé mi ò lè lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn? Ṣebí wọ́n ní ká máa bo mùsùlùmí láṣìírí, kóòtù náà kì í sì í ṣe ti Ṣàríà.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah. Arábìnrin mi, ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ ṣe mí láàánú. Ẹ má lọ Ìlọrin o, kóòtù ni kẹ́ ẹ lọ. Ọlọ́hun sọ ọ́ nínú Suuratul Baqarah, aaya 282, pé káwọn ẹlẹ́rìí má kọ̀ tí wọ́n bá pè wọ́n, aaya 283 wá ní ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́, ọkàn ẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ọkàn o! Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó bá kọ ìpè kóòtù, adájọ́ lè ní kí ọlọ́pàá lọ mú un wá. Pé kì í ṣe kóòtù Ṣàríà ò yí i padà, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ọmọ náà wà báyìí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 náà sì ní ire ọmọ ni kí wọ́n fi ṣíwájú.

Ti àṣírí tẹ́ ẹ sọ, hadiisi yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ẹrú àti Olúwa ẹ̀ là ń bò, a kì í fi bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíì mọ́lẹ̀, pàápàá ọmọ ọdún 5 tí ò lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ sọ níwájú adájọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wá lọ ń sọ ọ́ ní asalaatu, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìyẹn.

Irọ́ tó ní kẹ́ ẹ bá òun pa yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fẹ̀yìn ti nǹkan nígbà tó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá, ìgbà tó kan ẹ̀rí èké ó dìde jókòó, ó ń tún un sọ títí àwọn sàábé, àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀, fi ní ìbá dáa kó dákẹ́. Ìbúra irọ́, lọ́dọ̀ àwa tá à ń tẹ̀lé ìlànà Imaamu Málíkì, kò ní kàfárà, ìyẹn ìtánràn, tẹ́ ẹ máa san, àfi ìrònúpìwàdà.

Báwo lẹ ṣe máa wá sọ ọ́? Ẹ rántí Suuratu Yuusuf, aaya 26 sí 27. Nígbà tí ìyàwó Azeez, ìjòyè Íjíbítì tí Yuusuf ń gbé ilé ẹ̀, parọ́ mọ́ Yuusuf, ará ilé obìnrin yẹn gan-an ló jẹ́rìí, kò bú obìnrin yẹn, kò sì yin Yuusuf, ẹ̀wù Yuusuf ló ní kí wọ́n wò, tó bá ya níwájú, obìnrin ló sòótọ́, tó bá ya lẹ́yìn, irọ́ ló pa. Ẹ̀wù yẹn ni kẹ́yin náà gbé lọ. Alẹ́ wo, aago mélòó, kí lẹ rí, kí lọmọ jẹ. Tí lọ́yà bá ní ṣé ìyá burúkú ni, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ fojú rí nìkan lẹ mọ̀. Tó bá bi yín bóyá ọkùnrin ń wọlé wá bá a, ẹ má sọ sìná, ìyẹn àgbèrè, sẹ́nu láéláé, ẹni tó bá fi sìná kan obìnrin láì rí ẹlẹ́rìí 4, Kùránì ní kí wọ́n nà án ní 80 ẹgba.

Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ni ọ̀rẹ́ yín ń lọ ṣe torí ọkọ ò fowó sílẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n, tó bá jẹ́ òun náà ló ń wẹ̀ ẹ́ tó ń mú un lọ ilé kéú láràárọ̀, nígbà tí lọ́yà tiẹ̀ bá bi yín, ẹ má fi ìyẹn náà pamọ́.

Ẹ lọ bá a kó tó dọjọ́ ẹjọ́, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ ò ní parọ́, kì í ṣe ní kóòtù lójijì. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé lọ́dọ̀ Málíkì, tí ìyá ò bá lè dá tọ́jú ọmọ, ìyá tó bí ìyá ọmọ náà ló kàn kó tó kan bàbá, torí náà tí màmá ẹ̀ bá lè máa wá sùn tọmọ yẹn lálẹ́, kó wí fún lọ́yà ẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe àlùwàlá láti ilé torí Kùránì tẹ́ ẹ máa gbá mú. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ sọ fún akọ̀wé kóòtù, òfin gbà kéèyàn ṣèlérí láì gbá a mú. Tí ọkọ bá fún yín lówó, owó mọ́tò nìkan ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ dá ìyókù padà.