Ìbéèrè Yín: Ọ̀yà Ti Fẹ́rẹ̀ẹ́ Jẹ Pákí Wa Tán

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni mo ń dá oko sí. Ọmọ mẹ́rin ni a jẹ́, èmi sì ni àkọ́bí. A ti pín ilẹ̀ náà sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ń lo ìpín tèmi, nítorí Èkó ni àwọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Éékà 2 ni mo fi gbin pákí lọ́dún yìí, kí n lè fi ṣe gàrí tà. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, kò sí òwúrọ̀ tí mo dé oko tí n kì í bá igi pákí mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀, tí a gé bí ẹni pé àdá ni wọ́n fi gé e. Àwọn kan ní ọ̀yà ni, àwọn kan ní òkété ni, aládùúgbò kan tilẹ̀ ní èèyàn ni ó ń ṣe mí. Àbíkẹ́yìn wa fẹ́ kí a po májèlé mọ́ àgbàdo, kí a fọ́n ọn yí oko ká. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Àkọ́bí Bàbá, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìfaradà. Ọkàn yín tí kò gba májèlé yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀. Ohun tí ó ṣáájú ni pé kí ẹ mọ ẹranko tí ó ń jẹ yín lóko kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, nítorí ohun tí a fi ń lé ọ̀yà kì í lé òkété, èyí tí ó sì lé àwọn méjèèjì kò kan ọ̀bọ tí ó ń gba orí igi wá.

Ohun tí ẹ kọ jọ iṣẹ́ eyín ọ̀yà, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín rí i. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní etí oko, níbi tí igbó ti pàdé pákí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀yà, ẹ ó rí ojú ọ̀nà tóóró kan tí ó gba abẹ́ eèsún kọjá, tí ó mọ́ bí ilẹ̀ tí a gbá, tí koríko sì tẹ̀ bò ó bí òrùlé. Ẹ ó bá àjẹkù koríko àti igi tí ó gé ní kéékèèké lójú ọ̀nà náà. Ojú ibi tí eyín rẹ̀ ti gé igi máa ń dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì máa ń dán, gẹ́gẹ́ bí ìrèké tí a fi àdá mímú gé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá mi ni ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fi èyí hàn mí ní oko wa lọ́nà Ìṣarà. Ó ti ọwọ́ bọ inú ọ̀nà náà títí dé èjìká, ó ní kí n wò ó dáadáa, pé ibi tí ọwọ́ òun wà yẹn, ilé ẹnìkan ni.

Òkété kì í gé igi lulẹ̀ báyẹn. Ihò ni ó ń gbẹ́, ìdí pákí ni ó ń wú jẹ, inú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó sì fi ń kó ẹ̀kúnwọ́ èkùrọ́ lọ sílé. Erùpẹ̀ tútù tí ó wà lẹ́nu ihò ni yóò tú u fó. Ní ti èèyàn tí aládùúgbò yín mẹ́nu kàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fura sí ẹnikẹ́ni lórí ohun tí eyín gé.

Ọ̀yà kì í gbé inú pákí. Ẹ̀rù gbangba ń bà á. Inú igbó tí ó dí ni ó ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ni ó ń jáde. Abo rẹ̀ ń lo nǹkan bí oṣù 5 nínú oyún, ó sì sábà máa ń bí ọmọ bíi 4 lẹ́ẹ̀kan, tí irun ti wà lára wọn, tí ojú wọn ti là láti ọjọ́ ìbí. Bí ọdẹ bá pa méjì fún yín lónìí, igbó yóò pèsè mìíràn rọ́pò wọn. Igbó yẹn gan-an ni ọ̀ràn, inú ìpín àwọn àbúrò yín ni ó sì wà. Kódà, àbíkẹ́yìn tí ó ń wá májèlé ní ìpín kan nínú ilẹ̀ tí ọ̀yà fi ṣe ilé.

Nítorí náà, ìpàdé ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Kí àwọn àbúrò yín dá owó alágbàṣe, kí a ṣán igbó yí pákí yín ká ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 15, kí a sì máa ro ó títí pákí yóò fi gbó. Bí owó kò bá sí, kí wọ́n yọ̀ǹda etí ìpín wọn fún yín kí ẹ gbin ata sí i, nítorí oko ata kì í ga, a kì í sì í fi í sílẹ̀ fún koríko. Ohun ọ̀gbìn ọlọ́dọọdún nìkan ni kí ẹ gbìn síbẹ̀ o. Ẹ má ṣe gbin obì, ẹ má ṣe gbin kòkó, ẹ má ṣe gbin ọ̀pẹ, nítorí ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá gbin igi sí ilẹ̀ ti ń sọ pé òun ni ó ni ín, mo sì ti rí ọmọ ìyá tí ó gbé ara wọn lọ sí kóòtù nítorí ìdí obì mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣán igbó, ẹ lè fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà sí ìhà tí ó ti ń wọlé, kí ẹ fi àyè díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, kí ọdẹ tí ó mọṣẹ́ sì dẹ okùn tàbí tàkúté sí àwọn àyè náà. Kí ó so màrìwò mọ́ ìtòsí gbogbo ibi tí ó bá dẹ, kí àwọn ọmọ má bàa tẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ní àkókò ìgbìn tí ń bọ̀, ẹ gbin pákí kíkorò sí ẹ̀gbẹ́ igbó, kí dídùn wà láàrin, nítorí àwọn ẹranko kì í fẹ́ràn oró tí ó wà nínú kíkorò tó bẹ́ẹ̀. Gàrí kò ní kọ̀ ọ́, nítorí rírin, bíbà sínú àpò àti yíyan ni yóò lé oró náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é jẹ lásán. Àwọn igi tí ó ti gé, bí ìdí wọn kò bá hú, ẹ má fà wọ́n tu. Wọn yóò tún rúwé.

Ó wá ku májèlé. Ọ̀yà tí ó bá jẹ ẹ́ kì í kú sójú kan. Ó lè rìn dé oko ẹlòmíràn kí ó tó ṣubú. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé Ọlọ́run ni ó pèsè fún òun, yóò yan án, yóò sì gbé e lọ sí ẹ̀bá títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ra ẹran ìgbẹ́. Ẹ má retí pé iná yóò pa májèlé tí ó wà nínú ẹran. Ẹ ó wá di ẹni tí ó fún ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ kò mọ̀ ní ikú jẹ. Láti ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré òògùn kòkòrò dichlorvos, nítorí èèyàn ni ó ń pa. Ẹ má ṣe fi iná sun igbó náà pẹ̀lú. Nínú ọyẹ́, iná kì í dúró ní ààlà.

Olóòtú, erin ni ó wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ní tiwa, nítòsí Igbó Ọmọ. Ǹjẹ́ a lè yìnbọn fún un?

Àgbẹ̀ kan, Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn

ÈSÌ: Rárá o. Òfin dáàbò bo erin, àwọn tí ó sì kù sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò pọ̀ mọ́. Igbó Ọmọ ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba láti ọdún 1925, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977. Erin tí ọta bá kàn tí kò kú tilẹ̀ léwu ju èyí tí ó wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Bí ó bá wọlé lóru, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń so ilé oyin mọ́ wáyà yí oko ká, nítorí erin ń sá fún oyin. Àwọn mìíràn ń rẹ àkísà sínú ata lílọ̀ àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù, wọn a sì so ó mọ́ okùn yí oko ká. Ẹ lè dán an wò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na okùn kankan, ẹ bá àwọn aláṣẹ igbó wo ààlà yín, nítorí bí oko yín bá ti wọ inú igbó ọba, erin wà nílé tirẹ̀, ibòmíràn ni kí ẹ sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí.