Ìdí Tí Àwòrán Páálí Kì í Fi Yọ Lórí Àkójọ Géèmù Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ti kó àwọn géèmù Super Nintendo mi láti inú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní RetroArch ni mo sì fi ń gbá wọn. Nígbà tí mo ní kí ó gba àwòrán páálí wọn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn kan yọ, ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn kò yọ rárá. Kí ni kí n ṣe, irú àwòrán wo ni ó sì yẹ kí n lò? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Orúkọ ni ó fa ìṣòro yìí. RetroArch kì í wo ohun tí ó wà nínú géèmù nígbà tí ó bá ń wá àwòrán. Orúkọ ni ó ń pè, bí tíṣà ṣe ń pe rẹ́jísítà, ọmọ tí a bá sì kọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní dáhùn. Ìlànà No-Intro, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ géèmù, ni a fi sọ àwọn àwòrán géèmù oníkásẹ́ẹ̀tì lórúkọ, nítorí náà bí tiyín bá ń jẹ́ «zelda3», kò lè bá «Legend of Zelda, The - A Link to the Past (USA)» pàdé. (Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn ni wọ́n gbé «The» sí.) Ẹ tún kíyè sí àwọn àmì bíi &, : àti ?, nítorí pé ìlà ìsàlẹ̀ (_) ni a máa ń fi rọ́pò wọn nínú orúkọ àwòrán: fáìlì àwòrán Mario & Luigi ti Game Boy Advance ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Mario _ Luigi».

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tún gbogbo orúkọ kọ. Ẹ jẹ́ kí RetroArch fúnra rẹ̀ yẹ fọ́lídà náà wò, yóò ṣírò nọ́ńbà CRC fáìlì kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń ṣírò láti inú fáìlì náà), yóò sì fún èyí tí ó bá dá mọ̀ ní orúkọ tí ó yẹ. Èyí tí kò bá dá mọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fáìlì .smc tí àwọn ẹ̀rọ adàkọ àtijọ́ ti fi báìtì 512 kún ní ìbẹ̀rẹ̀, tàbí géèmù tí ẹnìkan ti yí èdè rẹ̀ padà. Ti irú àwọn wọ̀nyí ni ẹ óò fi ọwọ́ ara yín ṣe, kí ẹ sì fi àwòrán PNG wọn sínú Named_Boxarts tí ó wà lábẹ́ fọ́lídà thumbnails.

Ní ti irú àwòrán, mo fara mọ́ ti orílẹ̀-èdè tí kásẹ́ẹ̀tì yín ti wá. Páálí Super Nintendo ti Amẹ́ríkà fẹ̀ ju bí ó ṣe ga lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ páálí Super Famicom ti Japan ga ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ, bí ẹ bá sì pa wọ́n pọ̀, àkójọ náà yóò rí wúruwùru. Lójú fóònù, àwòrán ojú ìbẹ̀rẹ̀ géèmù tí ó wà nínú Named_Titles wù mí ju páálí lọ, nítorí pé lẹ́tà ara páálí kì í ṣeé kà mọ́ bí ó bá ti kéré.

Bí ẹ bá fẹ́ fídíò, ẹ lo ES-DE, ètò mìíràn tí ń to géèmù jọ, tí ó lè gbà á láti ScreenScraper, ìkànnì àwòrán àti fídíò géèmù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ dátà yín, nítorí pé fídíò ń jẹ ẹ́ ju àwòrán lọ. Orúkọ fáìlì géèmù gan-an ni ES-DE ń tẹ̀ lé nínú fọ́lídà downloaded_media, nítorí náà ẹ parí àtúnṣe orúkọ kí ẹ tó gba ohunkóhun. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn náà, àwòrán àti fídíò rẹ̀ kò ní yọ mọ́.