Ṣé géèmù lè kọ́ ọmọ JSS 2 ní kíkà àti kíkọ?

Ìbéèrè: Ẹ kúuṣẹ́ mà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní Iléṣà, JSS 2 ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọ ò fẹ́ kàwé, wọn ò fẹ́ kọ àròkọ, ṣùgbọ́n géèmù kì í sú wọn. Ṣé mo lè fi géèmù kọ́ wọn? Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo la ní, iná ò sì dúró.

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ o, olùkọ́. Ẹ lè fi kọ́ wọn, àmọ́ ẹ má náwó lé géèmù kankan. Àwọn tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ dáa fún sípẹ́lì, ẹ tiẹ̀ lè ṣe irú wọn lójú pátákó. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ géèmù.

Twine ni kẹ́ ẹ lò, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù oníìtàn. Ọ̀fẹ́ ni, Chris Klimas ló gbé e jáde ní 2009, kò sì ń jẹ dátà tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ìtàn ni wọ́n fi ń kọ, ní àpótí àpótí. Òǹkàwé ló ń yan ibi tí ìtàn máa gbà. Ẹ mú ìtàn Ajíbógun Ọbòkun, èyí tẹ́yin ará Iléṣà mọ̀ dunjú: ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni wọ́n ní yóò là á, Ajíbógun ló sì lọ bù ú wá. Ọmọ á kọ ọ́ pé: "O dé oríta. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá arúgbó kan ní kí o bá òun gbé ẹrù." Lábẹ́ rẹ̀, á tẹ [[Gbé ẹrù]] àti [[Kọjá lọ]]. Kíá, àpótí tuntun méjì á yọ, pẹ̀lú ọfà tó so wọ́n mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé, bí ọmọ bá tẹ [[Lọ sí odò]] níbì kan, tó tẹ [[Lọ sí odo]] níbòmíràn, Twine ò ní gbà pé ọ̀kan náà ni. Àpótí òfìfo ni yóò ṣí, ìtàn á sì dákú síbẹ̀. Àmì ohùn tẹ́ ẹ ti ń pariwo lé lórí látọjọ́ yìí, kọ̀ǹpútà á bá yín bi wọ́n. (Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni kí gbogbo wọn lò o, kíbọ́ọ̀dù méjì lè tẹ "ọ̀" lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ò sì ní rí i.)

Ní ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, bébà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, bébà kan fún àpótí kan, kó má ju gbólóhùn márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀nà máa padà pàdé, torí oríta mẹ́rin tó tẹ̀léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń là sí méjì, ìparí 16 ló máa bí. Ta ni yóò kọ gbogbo ìyẹn? Ẹ sì fòfin de ikú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹkùn ni gbogbo ọ̀nà máa já sí.

Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, fáìlì kan ni Twine á kó gbogbo rẹ̀ sí, bíráúsà ló ń ṣí i. Kí ẹgbẹ́ mìíràn kọ́kọ́ gbá a, kí wọ́n kọ ibi tó ti rú wọn lójú sílẹ̀, kí àwọn tó ni ín sì tún un ṣe kẹ́ ẹ tó fún wọn ní máàkì. Ìtàn àti èdè ni kẹ́ ẹ fún ní máàkì o, ẹ má wo àwọ̀ mèremère tí wọ́n kùn ún.